Kí Ni Ó Wà Nínú Eruku?

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ilo-Awela kọjá ní agbègbè Ṣàngó Ọ̀tà, yóò rí i pé eruku bo ohun gbogbo: ewé ẹ̀gẹ́ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, páànù orí ilé, aṣọ tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé, àti fèrèsé ilé ìwé. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá a máa kọjá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní agbègbè Ọ̀tà: àwọn tí ń yọ́ irin wà níbẹ̀, àwọn tí ń ṣe ike àti ọ̀rá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ, oúnjẹ àti oògùn. Bí ọmọ ilé ìwé kan bá fi ìka nu ojú fèrèsé, tí ó gbé ìka náà wá síwájú olùkọ́ rẹ̀, tí ó sì bi í pé, "Kí ni èyí, sà?" ìdáhùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa yóò fún un ni pé, "Eruku ni. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Ìdáhùn yìí kò burú, pàápàá jù lọ apá kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ mọ̀ pé kò tó. Eruku kì í ṣe orúkọ ohun kan ṣoṣo. Orúkọ àpapọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé "èrò ọjà". Láàárín èrò ọjà ni ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀fọ́ wà, níbẹ̀ náà sì ni jàgùdà wà tí ń wá àpò tí yóò já. Ẹni tí ó bá sọ pé èrò ọjà ni gbogbo wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ran ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eruku rí. Iyẹ̀pẹ̀ lásán lè wà nínú rẹ̀, àti èéfín, àti ìpẹ́pẹ́ irin, àti èérún ike, àti èérún táyà ọkọ̀. Ojú kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí a fẹ́ ṣe àlàyé bí àwọn onímọ̀ ti ń mọ ohun tí ó wà nínú èérún kan ṣoṣo lóde òní, tí wọ́n sì tún ń mọ ibi tí ohun náà jókòó sí nínú èérún ọ̀hún, bí ibẹ̀ tilẹ̀ kéré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú irun orí lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni èyí, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní òkè ọya, ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ ń wa wúrà nínú àpáta. Wọn a gbé òkúta náà wálé, wọn a fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a sì fi omi ṣan wúrà jáde nínú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta tí wúrà náà wà. Eruku rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá, sí orí ẹní, sínú oúnjẹ, àti sí ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá kiri nílẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú nínú àjálù náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 5. Àwọn òbí wọn ń rí eruku náà lójoojúmọ́. Ojú wọn ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ń pa àwọn ọmọ wọn kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú mọ̀.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀ràn náà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ èérún òkúta náà wò fínnífínní, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé òjé náà kò wà ní ipò kan ṣoṣo. Apá kan bá imí-ọjọ́ ṣọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí òjé ti sábà máa ń wà nínú àpáta. Apá kan sì ti yí padà, ó ti di káábọ́nétì. Ti àkọ́kọ́ kì í tètè yòrò nínú ikùn. Ti ìkejì a máa yòrò kíákíá nínú omi kíkan tí ó wà nínú ikùn, a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òjé kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò dọ́gba. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ mọ eruku: Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Kí ni ó bá ṣọ̀kan? Ibo ni ó jókòó sí nínú èérún náà?

Ọ̀nà tí àwọn oníkẹ́mísírì ti ń gbà dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́ ni kí wọ́n bu eruku náà, kí wọ́n fi ásíìdì yọ́ ọ, kí wọ́n sì wọn ohun tí ó wà nínú omi rẹ̀. Ọ̀nà dáradára ni, a sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ó dàbí ìgbà tí a bá gún ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pọ̀ nínú odó kan. Ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò yóò sọ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ lè sọ bí iyọ̀ náà ti pọ̀ tó; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè sọ ibi tí hóró iyọ̀ kọ̀ọ̀kan wà kí a tó gún un. Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ti bá odó lọ.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ bí ohun tí a ń sọ ti kéré tó. Gbogbo wa ni a mọ mìlímítà lórí rúlà. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà. Bí a bá tún pín máíkírómítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni náńómítà. Èyí ni pé 1,000,000 náńómítà ni ó wà nínú mìlímítà kan. Irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 50,000 sí 100,000 náńómítà. Èékánná ọwọ́ wa a máa gùn sí i ní nǹkan bí náńómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí ni pé láàárín àkókò tí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi ka gbólóhùn yìí, èékánná yín ti gùn tó nǹkan bí 10 náńómítà, ẹ kò sì mọ̀. Irú ìwọ̀n báyìí ni a ń bá lò.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣé kò sí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni?" Ó wà, ó sì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ibi tí ó pin sí. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi ọ̀sà. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa lè rí jẹ́ nǹkan bí 400 sí 700 náńómítà. Ní ọdún 1873, Ernst Abbe, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi hàn pé awò, bí ó ti wù kí a ṣe é dára tó, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn bá kéré ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wò wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá fi aṣọ nípọn wé ìka rẹ̀ kò lè fọwọ́ mọ ojú abẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ náà kò ní ojú. Ohun tí a fi ń wá a ni ó nípọn jù.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀bùn kan tí a kò gbọdọ̀ fojú rénà: ó mọ orúkọ. Àwọn ìyá wa tí ń fi igi dáná mọ̀ pé nígbà tí ọbẹ̀ oníyọ̀ bá ru dànù sínú iná, ọwọ́ iná náà a yí padà lójijì di àwọ̀ ìyeyè títàn. Sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún wa báyìí. Kò sí ohun mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu rẹ́gírẹ́gí. Ní nǹkan bí ọdún 1860, àwọn ará Jámánì méjì, Robert Bunsen àti Gustav Kirchhoff, fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, wọ́n sì rí i pé ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tí kì í yẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí àwọn ohun méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí, tí wọ́n pè ní caesium àti rubidium.

Kì í ṣe inú iná nìkan ni ohun gbogbo ti ń jẹ́ orúkọ. Bí a bá wà nínú yàrá, tí wọ́n sì ń lu ìlù ní ìta, a kò ní láti yọjú kí a tó mọ̀ bóyá gángan ni tàbí bàtá. Ohùn rẹ̀ ti tó. Awọ tí a fà le kì í dún bí awọ tí ó dẹ̀, ìlù ńlá kì í sì í dún bí ìlù kékeré. Báyìí ni àwọn átọ́ọ̀mù tí ó so pọ̀ di mólékù rí. Ó dàbí ẹni pé okùn tí ó ń nà tí ó sì ń sún kì ni a fi so wọ́n mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń gbọ̀n láìsinmi. Àwọn tí okùn wọn le ń gbọ̀n kíákíá. Àwọn tí ó wúwo ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ kan sí wọn, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwọ̀ pupa, tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí awọ ara ń mọ̀ bí ooru, tí àwọn òyìnbó ń pè ní infrared, mólékù kọ̀ọ̀kan yóò gba èyí tí ó bá ìgbọ̀n tirẹ̀ mu, yóò sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Bí a bá wo ohun tí ó gbà, a mọ ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó súnmọ́ èyí. Ní ọdún 1928, ní ìlú Calcutta, C. V. Raman, ọmọ Íńdíà, rí i pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu mólékù tí ó sì fọ́n ká, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa padà pẹ̀lú àwọ̀ tí ó ti yí, ìyípadà náà sì ń sọ bí mólékù náà ti ń gbọ̀n. Wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 1930.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìṣòro tí ó wà níhìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ infrared tí ó mọ orúkọ mólékù jù lọ ni ìgbì rẹ̀ gùn jù lọ. Ó gùn láti nǹkan bí 2,500 títí dé 25,000 náńómítà. Nípa òfin Abbe, kò lè rí ohun tí ó kéré ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún náńómítà lọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dàbí àgbà kan tí ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ àdúgbò, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ti ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ ilé tí èwo nínú wọn wọ̀. Ó mọ orúkọ, kò mọ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí ó mọ ilé lọ. Afọ́jú kì í rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ a máa sọ fún un ibi tí kòtò wà, ibi tí òkúta wà, àti ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú. Àwọn onímọ̀ fi ọgbọ́n afọ́jú yìí ṣe ẹ̀rọ. Ní ọdún 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer, ní ilé ìwádìí IBM tí ó wà nítòsí ìlú Zürich ní Switzerland, ṣe ọ̀pá kan tí ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ó wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú irin débi pé àlàfo àárín wọn kò tó náńómítà kan. Iná mànàmáná a máa fò kọjá nínú àlàfo náà, ó sì ń pọ̀ sí i bí àlàfo bá ti ń kéré sí i. Nípa wíwọn iná yìí, wọ́n ya àwòrán àwọn átọ́ọ̀mù bí wọ́n ti tò. Ní ọdún 1986 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel, pẹ̀lú Ernst Ruska tí ó ti ṣe irú awò mìíràn ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yìí kò lè yẹ ike tàbí igi tàbí eegun wò, nítorí pé iná kì í gba inú wọn kọjá. Ní ọdún 1986 kan náà, Binnig, pẹ̀lú Calvin Quate àti Christoph Gerber, ṣe èyí tí kò nílò iná bẹ́ẹ̀. Òun ni a ń pè ní AFM.

Bí AFM ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti fi yé ọmọdé. Ó ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó kéré gan-an, tí a dì mú ní ìdí kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ bà lé. Abẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà fẹ̀ tó nǹkan bí 20 náńómítà. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ yìí rìn lórí ohun kan, pátákó náà a máa tẹ̀ sókè sódò bí ojú ohun náà ti rí. Ìtẹ̀sí náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, nítorí náà a tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí ẹ̀yìn pátákó náà kí ó lè ta padà. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ni ó ti fi dígí kékeré ta ìtànṣán oòrùn sí ara ògiri rí. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ bá mì díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lára ògiri a fò jìnnà. Ọgbọ́n kan náà ni. Abẹ́rẹ́ náà ń lọ ó ń bọ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà, bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè láti orí oko dé ìdí oko, títí àwòrán gbogbo ojú ohun náà yóò fi jáde.

Báyìí, abẹ́rẹ́ mọ ilé, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ. Ó lè sọ pé òkè kan wà níhìn-ín, kò lè sọ bóyá òkè iyanrìn ni tàbí òkè ike. Ìmọ́lẹ̀ mọ orúkọ, kò mọ ilé. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe gan-an nìyẹn, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì sì ni wọ́n gbà ṣe é.

Ọ̀nà kìíní ni ti ooru. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ilé onípáànù ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé páànù a máa dún kọ̀ǹkọ̀ lórí, nítorí pé bí oòrùn bá ti pa á ni ó ń wú tí ó sì ń nà. Ní ọdún 2005, Alexandre Dazzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Orsay, lẹ́bàá Paris, fi irú èyí ṣe iṣẹ́. Wọ́n ta ìmọ́lẹ̀ infrared sí ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ní ìgbà kúkúrú kúkúrú. Ibi tí mólékù rẹ̀ bá gba ìmọ́lẹ̀ náà a gbóná díẹ̀, a sì wú lójijì. Abẹ́rẹ́ AFM tí ó wà lórí ibẹ̀ gan-an a sì ta sókè. Ibi tí kò bá gbà á kì í wú. Bí a bá yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà padà díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń kíyè sí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń ta, a ti rí orúkọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ náà wà sì ni ilé. Ìmọ́lẹ̀ náà ṣì nípọn bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tún fi ìmọ́lẹ̀ wo ibi mọ́: abẹ́rẹ́ ni ó ń sọ ibi, ó sì lè ya ohun tí kò ju nǹkan bí 10 sí 100 náńómítà lọ sọ́tọ̀. AFM-IR ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Raman. Ìmọ́lẹ̀ tí ń padà nínú iṣẹ́ Raman kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè gbọ́ ohùn mólékù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fàdákà tàbí wúrà bo abẹ́rẹ́ náà, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ṣóńṣó rẹ̀ bí arọ́ ti ń kó epo jọ sí ẹnu ìgò, ohùn mólékù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan a sì ròkè. Ọdún 2000 ni àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí bíi mélòó kan kọ́kọ́ fi èyí hàn. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Hefei, ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi í ya àwòrán inú mólékù kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí abẹ́rẹ́ fọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó súnmọ́ ojú ohun náà ká, kí a sì gba ohun tí ó fọ́n náà kà. Ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Edward Synge, ará Ireland, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1928, ọdún kan náà tí Raman rí ohun tirẹ̀, pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú ihò tí ó kéré ju ìgbì rẹ̀ lọ, tí a sì gbé ihò náà súnmọ́ ohun tí a ń wò pẹ́kípẹ́kí, òfin Abbe kò ní dè wá mọ́. Ó ju 40 ọdún lọ kí ọwọ́ ènìyàn tó tó ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ti rí.

Kí ni gbogbo èyí fẹ́ ṣe fún ẹni tí ń gbé Ilo-Awela? Ó pọ̀. Ẹ mú ọ̀rá tí a fi ń di oúnjẹ gbígbẹ wò. Ojú rí i bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìpele mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, àti àtè tí ó so wọ́n pọ̀. Bí àtè náà bá jẹ́ ayédèrú tàbí tí ó ṣí níbì kan, oúnjẹ inú rẹ̀ a bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí a bá gé ọ̀rá náà ní ìbú, AFM-IR a máa rìn láti ìpele kan dé èkejì, a sì máa dárúkọ wọn. Irin náà ńkọ́? Ìpẹtà kì í bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ojú irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi kékeré kan ni ó ti ń wọlé bí olè, abẹ́rẹ́ sì lè rí ibẹ̀ kí ojú tó rí i. Àwọn onímọ̀ sì ti fi AFM-IR yẹ èérún tí ń fò nínú afẹ́fẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti òjé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, káábọ́nétì rẹ̀ a máa dáhùn sí infrared ketekete, èyí tí ó bá imí-ọjọ́ ṣọ̀kan kì í sì í dáhùn lójú ìgbì kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀ a lè ya aṣebi tí ó yára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó lọ́ra, nínú èérún kan náà.

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú ìwádìí yìí ti ń so èso. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, a ti rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn kan rò pé láti òkèèrè ni gíláàsì náà ti wá, pé ṣe ni àwọn baba wa kàn ń tún un yọ́. Ìtúpalẹ̀ kẹ́mísírì ni ó dá ẹjọ́ náà. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ̀ ẹ́ jáde pé gíláàsì náà ní ẹfun àti alumínà púpọ̀ ní ọ̀nà tí kò bá ti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí a mọ̀ mu. Iṣẹ́ tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 lórí ohun tí ó wú jáde ní Igbó Olókun tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ṣe é, láti inú ilẹ̀ wọn. Ẹ rí i pé orúkọ tí a mọ̀ dájú lè gba iṣẹ́ ọwọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ ńlá kan wà tí ń ta ìpín átọ́ọ̀mù mọ́ ohun tí a ń yẹ̀ wò, tí a sì ń ti ara ìtànṣán tí ó jáde mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo obì, èèpo kòkó, àti òwú aláǹtakùn pàápàá sọ iyọ̀ fàdákà di hóró fàdákà tí a ń fi náńómítà wọ̀n. Infrared ni wọ́n sì fi mọ ohun tí ó ti inú èèpo náà wá lẹ̀ mọ́ hóró náà lára.

Àṣejù kò yẹ olùkọ́. Nítorí náà ó tọ́ kí a sọ ibi tí agbára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ. Wọ́n wọ́n púpọ̀. Wọ́n lọ́ra, ibi tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan kì í sábà tó ìbú irun kan, abẹ́rẹ́ sì lè pẹ́ kí ó tó rìn ín tán. Abẹ́rẹ́ a máa kú, bí ó bá sì kú, àwòrán rẹ̀ a di irọ́. Wọn kì í fẹ́ ìmìtìtì: bí akẹ́rù kan bá kọjá ní títì, abẹ́rẹ́ yóò gbọ̀n ju òkè tí ó fẹ́ wọ̀n lọ, nítorí náà orí tábìlì tí a ṣe ní pàtàkì ni a ń gbé wọn kà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé èérún kan kì í ṣe agbẹnusọ fún gbogbo òkìtì. Ẹni tí ó bá yẹ èérún mẹ́ta wò nínú àpò eruku kan, tí ó sì kéde pé òun ti mọ afẹ́fẹ́ ìlú, ó ti fi ọgbọ́n ẹ̀rọ bo àìgbọ́n ara rẹ̀. A ní láti bu eruku ní ibi púpọ̀ àti ní ìgbà púpọ̀, kí a fi ọ̀nà odó mọ iye, kí a tó fi ọ̀nà abẹ́rẹ́ mọ ilé. Ní Zamfara, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ gbé, tí ń fi ìtànṣán X wo ilẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ àgbàlá tí ó léwu fún àwọn olùgbàlà. Awò fínnífínní ni ó tẹ̀lé e láti sọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ olúkúlùkù dára ní àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a kò ní AFM ní kíláàsì wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Ẹ da iyanrìn sínú páànù pẹlẹbẹ kan, ẹ bo òkúta àti ìṣẹ́pẹ́ igi díẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kí orí wọn yọ díẹ̀. Ẹ fi aṣọ di ojú ọmọ kan, ẹ fún un ní ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kan, kí ó máa fi rìn lórí rẹ̀ ní ìlà tẹ̀lé ìlà, kí ọmọ mìíràn sì máa fi àmì sí orí ìwé onílà ní ibi tí ó bá ti kan òkè. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọn yóò rí àwòrán ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé èwo ni òkúta, èwo ni igi. Wọn kò ní lè dáhùn. Nígbà náà ni ẹ ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sínú iná ìtanná kí wọ́n rí àwọ̀ ìyeyè náà, ẹ ó sì sọ fún wọn pé, "Ìka ń mọ ilé, ìmọ́lẹ̀ ń mọ orúkọ." Ẹ̀kọ́ náà kò ní kúrò lọ́kàn wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán sí orí eré. Ọmọ tí ó bi wá léèrè ní Ilo-Awela ṣì dúró síwájú wa pẹ̀lú ìka rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, a lè kọ́ ọ kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Kí bàbá tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ mọ́ra. Kí a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí a máa fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ tú eruku sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ́ bátìrì ọkọ̀ ní àgbàlá ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Nígbà tí ó bá sì tún bi wá pé, "Kí ni èyí, sà?" ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wa gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: "Ohun púpọ̀ ni, ọmọ mi, a sì lè mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì padà wá, kí n sọ bí a ti ń ṣe é fún ọ." Bóyá nínú àwọn tí yóò padà wá ni ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú yóò ti jáde.